Mọ́rúfù Elétí àti Ohùn Injẹ́tọ̀

Ní gbogbo àyíká ọjà Ìpata, títí dé ibi tí àwọn onílọ́rì ti ń já iṣu, kò sí ẹni tí kò mọ sukudíráfà Mọ́rúfù. Sukudíráfà gígùn ni, igi ni èèkù rẹ̀, ọwọ́ sì ti lò ó títí ó fi ń dán bí ẹni fi òrí pa á. Mọ́rúfù kì í fi í tú nǹkan kan. Ó ń fi í gbọ́rọ̀ ni.

Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ tí ara rẹ̀ kò yá wá sí ìsọ̀ rẹ̀, á ní kí wọ́n tan án. Á gbé ẹnu irin lé ara ẹ́ńjìnì, á fi èèkù ti etí ọ̀tún, á wá di ojú méjèèjì bí ẹni tó ń gbọ́ wáàsí. Òfin wà fún àkókò yẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń jẹ kúlíkúlí gbọ́dọ̀ fi í sẹ́nu jẹ́ẹ́, nítorí kúlíkúlí a máa dún. Danjuma, tó ń lu ara ọkọ̀ ní ìsọ̀ kejì, bó bá ti gbé òòlù sókè kí Mọ́rúfù tó gbé irin sétí, òkè ni òòlù náà yóò wà títí àyẹ̀wò yóò fi parí. Lọ́jọ́ mìíràn, ọwọ́ òsì ni Danjuma fi ń gbé ọwọ́ ọ̀tún dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú mi, apá mi ń já o."

"Dákẹ́. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́wọ́."

Nígbà tó bá la ojú, ìdájọ́ dé nìyẹn. Á ní plọ́ọ̀gì kẹta ti kú, tàbí kó ní ọ́ìlì kò tó, bẹ́ẹ̀ náà ni wọn yóò sì bá a. Ìgbà kan wà tó sọ fún ọkùnrin kan pé, "Ọkọ̀ yìí kò ní àrùn kankan. Àbúrò yín ló ń gbé e jáde tí ẹ kò bá sí nílé." Wọ́n wádìí, òótọ́ ni. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Mọ́rúfù Elétí. Ká má purọ́, Mọ́rúfù ti fi ojú ara rẹ̀ rí àbúrò yẹn lórí ọkọ̀ náà níwájú Ìpata lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ṣùgbọ́n kò sọ ìyẹn. Sukudíráfà ló gba ìyìn.

Àwọn ọkọ̀ ìgbà yẹn, aláròyé ni wọ́n. Wọ́n ń wúkọ́, wọ́n ń sín, wọ́n ń hó, kabúrétọ̀ wọn á máa pariwo bí epo bá pọ̀ jù, á sì tún pariwo bí kò bá tó. Ẹni tó bá ní etí tó sì ní sùúrù, kò sí ohun tí wọn kò ní sọ fún un. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1994 ni àwọn ọkọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ti Kùtọnu wọ̀lú tí wọn kì í sọ̀rọ̀. Wọn kò ní kabúrétọ̀. Injẹ́tọ̀ ló ń tu epo sí ẹ́ńjìnì wọn díẹ̀díẹ̀, àpótí pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní bíréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn ọpọlọ ọkọ̀, ló sì ń pàṣẹ fún injẹ́tọ̀. Mọ́rúfù ti gbọ́ orúkọ injẹ́tọ̀, kò tíì fojú kàn án. Bí wọ́n bá bi í, á ní, "Ọkọ̀ lọkọ̀ ń jẹ́. Ohun tó bá ń mu epo, dandan ni kó ráhùn."

Orí Alhaji Abdulmumini ni ọ̀rọ̀ náà ti wá bá a. Oníṣu ńlá ni Alhaji ní Ìpata. Àwọn lọ́rì rẹ̀ ló ń kó iṣu wá láti Òkè-Oyi àti àwọn abúlé tó yí i ká, Mọ́rúfù nìkan ló sì ń tọ́jú wọn. Ara àwọn lọ́rì wọ̀nyẹn ni Mọ́rúfù ti ń jẹun. Àwọn oníbàárà yòókù kàn dà bí iyọ̀ lórí oúnjẹ náà ni. Lọ́jọ́ kan, Alhaji fúnra rẹ̀ gbé ọkọ̀ tuntun kan wá, ó ń dán gbinrin, ó sì dúró síwájú ìsọ̀ láìdún rárá, bí ológbò ṣe ń dúró síwájú ẹni.

"Alhaji, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ kú oríire mọ́tò. Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sí i."

"Àmín. Mọ́rúfù, wo iná yìí."

Iná kékeré kan ń tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àwòrán ẹ́ńjìnì ló sì wà lára rẹ̀.

"Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti ń wò mí," Alhaji ní. "Mo pa ọkọ̀, ó kú. Mo tan ọkọ̀, ó tún là. Èmi ò lè máa wakọ̀ kí nǹkan máa wò mí lójú bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè."

"A ó wò ó, Alhaji."

"Wọ́n ní ọmọkùnrin kan wà ní àdúgbò Challenge, Dàpọ̀ lórúkọ ẹ̀, tó ń fi kọ̀ǹpútà wo ọkọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n gbé e lọ síbẹ̀, mo ní rárá, mo ní ẹni. Àmọ́ gbọ́ o, Mọ́rúfù. Ilé mi kì í lo dókítà méjì. Ibi tí ọkọ̀ yìí bá ti rí ìwòsàn, ibẹ̀ ni gbogbo lọ́rì mi ń lọ."

Ọ̀rọ̀ náà kò ba Mọ́rúfù létí. Ikùn ló bà á, níbi tí oúnjẹ ń gbé.

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ike líle dúdú kan ló bo gbogbo ẹ́ńjìnì mọ́lẹ̀, bí ẹni pé ojú ń tì í. Mọ́rúfù wá kabúrétọ̀ lókè, kò rí i. Ó wá a nísàlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn bátìrì bí ẹni tí adìẹ rẹ̀ sọnù.

"Kí lò ń wá?" Alhaji bi í.

"Mò ń kí i ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan án."

"Ó wà ní títàn."

"Ẹ́ńjìnì ni mo ní kí ẹ tàn, Alhaji."

"Ẹ́ńjìnì náà ni mo ní ó wà ní títàn. Mi ò pa á látìgbà tí mo ti dé."

Mọ́rúfù dẹ etí sílẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí àgbà ṣe ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ọmọdé bá ń jiyàn. "Alhaji, ó ti kú mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí i."

Ní àkókò yìí, kò dá Alhaji fúnra rẹ̀ lójú mọ́. Ó yí kọ́kọ́rọ́ sí ẹ́ńjìnì tó ti ń ṣiṣẹ́. Kàràràrà! Irin fi eyín gé irin. Òòlù bọ́ lọ́wọ́ Danjuma. Ìyá arúgbó kan tó ń kọjá pẹ̀lú igbá ata kígbe "Lá ìláhà!" ó sì jókòó sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti pinnu láti jókòó.

Mọ́rúfù kò mira. "Ṣé ẹ gbọ́?" ó ní. "Ó ti jẹ́ ìpè. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀ ni."

Ó gbé sukudíráfà, òfin sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Danjuma ti he òòlù rẹ̀, ó ti gbé e sókè kó tó rántí, ló bá fi í sílẹ̀ lókè bẹ́ẹ̀. Mọ́rúfù fi ẹnu irin kan ibí, ó fi kan ọ̀hún. Ìmí jẹ́jẹ́ ló ń gbọ́, bíi ti ẹni tó yó tó sì sùn. Ó wá gbé irin lé ògiri tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti ibi tí awakọ̀ ń na ẹsẹ̀ sí, níbi tí wáyà pọ̀ sí jù. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ọ.

Wín-ín. Wín-ín-wín.

Ohùn tín-ín-rín ni, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Mọ́rúfù tún un gbọ́. Láti ọjọ́ tó ti dé ìdí iṣẹ́, kò gbọ́ irú rẹ̀ lára ọkọ̀ rí, kò sì mọ ohun tó jẹ́. Ká ní ó sọ pé, "Alhaji, mi ò mọ̀ ọ́n," ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Ṣùgbọ́n nígbà tó la ojú, Alhaji ń wò ó, Danjuma ń wò ó pẹ̀lú òòlù lókè, ìyá aláta pàápàá ti dìde, ó sún mọ́ wọn. Ẹnu Mọ́rúfù sì ṣí kí ọgbọ́n tó dé ibẹ̀.

"Injẹ́tọ̀ ni," ó ní. "Ohùn injẹ́tọ̀ ni mo gbọ́. Ọ̀fun ẹ̀ kò fẹ̀, bí epo bá ń gba ibẹ̀ kọjá, á máa dún wín-ín. Ọkọ̀ tó bá ń dún báyẹn, ara ẹ̀ le koko."

"Iná náà ńkọ́?"

"Àlejò ni. Epo ilẹ̀ yìí ni kò tíì mọ́ ọn lára. Bó bá mọ́ ọn lára, iná á lọ fúnra ẹ̀. Ṣùgbọ́n kó má baà máa wò yín…" Ó fa téèpù dúdú jáde lápò, ó ya á, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ iná náà lójú.

Alhaji padà jókòó sídìí ọkọ̀. Ó wo iwájú. Nǹkan kan kò wò ó mọ́. "Alihamudulilahi!" ó ní. "Mo sọ fún wọn pé mo ní ẹni."

Nígbà tí Mọ́rúfù ń jẹun ní ilé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ròyìn fún ìyàwó rẹ̀. Bàríkísù ló ń jẹ́, èlùbọ́ ló ń tà, ó sì ti ń bá èkúté du èlùbọ́ náà láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà títí dé ibi ohùn.

"Bàbá Salimat, ẹ tún ohùn náà ṣe kí n gbọ́."

"Wín-ín. Wín-ín-wín."

"Èkúté ni," Bàríkísù ní. "Ó tiẹ̀ ti bímọ síbẹ̀. Ọmọ wọn ló ń ké báyẹn."

Mọ́rúfù rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé omi mu. "Ìyá Salimat! Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mò ń sọ, inú apẹ̀rẹ̀ èlùbọ́ lo ti ń dá mi lóhùn. Kí ni ìwọ mọ̀ nípa injẹ́tọ̀?"

"Mi ò ní mo mọ injẹ́tọ̀. Èkúté ni mo ní mo mọ̀."

Ó kó abọ́, ó sì lọ. Mọ́rúfù tún rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí i, òun nìkan.

Òkìkí ọ̀rọ̀ náà kò fẹsẹ̀ rìn, ó fò ni. Àwọn mẹkáníìkì ń wá láti Sábó-Òkè, wọ́n ń wá láti Ọjà-Ọba, wọ́n fẹ́ kọ́ ohùn injẹ́tọ̀. Bí Alhaji bá ti gbé ọkọ̀ kọjá, Mọ́rúfù á dá a dúró, àwọn àlejò á gba sukudíráfà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dijú, wọ́n á sì máa mi orí. Bí ẹnì kan bá béèrè ìdí rẹ̀, Mọ́rúfù á fi kún un, nítorí irọ́ kì í dá gbé. "Bó bá dún lẹ́ẹ̀kan, ara le. Bó bá dún ní ìlọ́po méjì, epo dọ̀tí. Bí kò bá dún rárá, ẹ tètè sọ fún olówó ọkọ̀ pé injẹ́tọ̀ ti kú." Wọ́n ń kà á tẹ̀lé e bí ọmọ ilé kéwú.

Alhaji pàápàá kò dákẹ́. Ó ń gbé ọkọ̀ náà síwájú òkìtì iṣu rẹ̀, á wá pe àwọn oníṣu ẹgbẹ́ rẹ̀. "Ẹ wá gbé etí síbí. Ṣé tiyín ń dún báyìí?" Ọ̀kan nínú wọn gbọ́ tirẹ̀ títí, kò dún, ó sì fi ìbànújẹ́ wa ọkọ̀ tí kò ṣe nǹkan kan lọ sílé. Ní gbogbo ìgbà yìí, bí Alhaji bá lọ sí Òkè-Oyi, kì í padà lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀pà á wà nínú àpò lábẹ́ ìjókòó, èlùbọ́ á wà lẹ́yìn, iṣu àyẹ̀wò á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oníṣòwò kì í rìn lásán.

Ọjọ́ kan tí Alhaji ń ti Òkè-Oyi bọ̀, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè sódò bí ẹni tí èsúkè mú. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, kò sáré. Oníkẹ̀kẹ́ kan tó di iṣu mẹ́yìn yà á sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn màlúù dé. Darandaran wọn kí i, "Sannu, Alhaji," wọ́n sì kọjá lọ. Màlúù tó kẹ́yìn dúró díẹ̀, ó wo inú ọkọ̀, òun náà kọjá. Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnì kú sí.

Ọ̀kan nínú lọ́rì Alhaji tó kó iṣu ló so okùn mọ́ ọn tó sì ń wọ́ ọ bọ̀. Kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí lọ́rì náà lè gbà ju iwájú Ìpata lọ.

"Alhaji!" àwọn oníṣu ń kígbe. "Ṣé injẹ́tọ̀ yín ṣì ń dún?"

Alhaji fa fìlà bo ojú. Kò dúró ní ìsọ̀ Mọ́rúfù. Challenge ni wọ́n gbà lọ tààrà, ó kàn ránṣẹ́ sílẹ̀ ni: "Ẹ ní kí Mọ́rúfù wá bá mi níbẹ̀. Kó mú irin etí ẹ̀ dání."

Mọ́rúfù fi sukudíráfà sábẹ́ ẹ̀wù, ó sì lọ. Nígbà tó dé ìsọ̀ Dàpọ̀, ohun tó kọ́kọ́ rí ni lọ́rì iṣu náà. Wọ́n ti gbé e wọnú ọgbà, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọkọ̀ Dàpọ̀ bí ẹni tó ti ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹni jẹ́jẹ́ ni Dàpọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Mọ́rúfù, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá," ó sì padà sídìí iṣẹ́. Ẹ̀rọ kan tó tóbi tó rédíò wà lọ́wọ́ rẹ̀, wáyà rẹ̀ wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù.

"Ta ló lẹ téèpù mọ́ iná yìí lójú?" Dàpọ̀ béèrè.

Alhaji ń wo páànù òrùlé.

Ẹ̀rọ náà ní wáyà kan ti já. Dàpọ̀ wá a kàn, ó so ó, iná kú, ọkọ̀ sì tàn jẹ́jẹ́. Alhaji ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe àdúà fún un ni iná bá tún là. Ẹ̀rọ ní wáyà mìíràn ni. Dàpọ̀ so ìyẹn náà. Kò pẹ́, òmíràn tún já. Òógùn bo Dàpọ̀. Ó pa ọkọ̀, gbogbo ibẹ̀ sì dákẹ́.

Wín-ín. Wín-ín-wín.

Mọ́rúfù gbọ́ ọ láìgbé irin sétí.

"Alhaji, bíréènì bọ́ọ̀sì ló ń kú lọ," Dàpọ̀ ní. "A máa pààrọ̀ ẹ̀."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà. Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún wín-ín yẹn? Ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́, wọn ò kọ́ wa nípa ẹ̀, àwọn ará Sábó-Òkè ló wá sọ fún mi. Wọ́n ní àgbà kan ní Ìpata ló rí i. Ohùn injẹ́tọ̀ ni. Injẹ́tọ̀ tó bá ń dún báyẹn, ara ẹ̀ le. Bí injẹ́tọ̀ bá wá le, kí ló kù? Ọpọlọ ni."

Mọ́rúfù rí i pé irọ́ òun ti rìn jìnnà. Ó ti rìn láti Ìpata dé Challenge, ó ti kọ́ ẹni tó ní kọ̀ǹpútà, ó sì ti padà dúró níwájú òun. Bó bá dákẹ́, Alhaji á ra ọpọlọ tuntun fún ọkọ̀ tí ọpọlọ rẹ̀ pé, lọ́rì á sì máa gbé ibi tó wà. Bó bá sọ̀rọ̀, Elétí kú nìyẹn. Ó wo lọ́rì. Ó wo Alhaji.

"Alhaji, ẹ dákun. Kì í ṣe injẹ́tọ̀."

"Kí wá ni?"

"Ìyá Salimat ní èkúté ni," Mọ́rúfù ní.

Alhaji yíjú sí i.

"Ọjọ́ wo ni Ìyá Salimat sọ ọ́?"

"Ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ gbé e wá náà ni. Èmi ò mọ ohun tí mo gbọ́, Alhaji. Mo kàn sọ̀rọ̀ ni."

Mọ́rúfù yọ sukudíráfà. Dàpọ̀ gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ sílẹ̀. Mọ́rúfù gbọ́ apá ọ̀tún, ó gbọ́ apá òsì, ó sì fọwọ́ sí ojú kan. "Ẹ tú ibí." Dàpọ̀ tú u. Ìtẹ́ ló wà níbẹ̀: fóòmù ìjókòó tí wọ́n ti jẹ jáde, ara wáyà tí wọ́n ti bó, èèpo ẹ̀pà rẹpẹtẹ, àwọn ọmọ èkúté pupa wẹ́wẹ́ sì ń jà kítíkítí láàárín rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ìyá wọn ta pọ́n-ún, ó sì wọ ọwọ́ agbádá Alhaji.

Kò sí ẹni tó rí Alhaji Abdulmumini kó jó rí. Wọ́n rí i lọ́jọ́ náà. Ó fò, ó yí, ó bọ́ bàtà kan sọ́wọ́ ọ̀tún, ó fi lu ara rẹ̀ lápá òsì. Fìlà lọ lọ́tọ̀. Èkúté jáde ní ọrùn agbádá, ó bọ́ sílẹ̀, ó sáré la àárín ọgbà kọjá, ó sì gun lọ́rì iṣu lọ.

Nígbà tí èémí Alhaji balẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹ̀pà kan nínú ìtẹ́ náà, ó wò ó dáadáa.

"Mọ́rúfù, o tàn mí."

"Òótọ́ ni, Alhaji. Ẹ má bínú."

"Mo sì fi ṣe fáárí ní Ìpata."

"Ẹ má bínú."

"Màlúù yà mí sílẹ̀."

"Ẹ forí jì mí, Alhaji."

"Ta ló kó ẹ̀pà sínú ọkọ̀?"

Ọlọ́hun ti fún Mọ́rúfù lọ́gbọ́n díẹ̀ ní àsìkò yìí. Òun náà gbé ojú sókè, ó ń wo páànù òrùlé.

Alhaji wò ó títí. Ikùn rẹ̀ kọ́kọ́ mì, èjìká tẹ̀ lé e, ẹ̀rín wá bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di lọ́rì mú.

"Ilé mi kì í lo dókítà méjì," ó ní nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Mo ti sọ ọ́, mi ò ní yí i padà. Àmọ́ lọ́rì kì í ṣe ará ilé. Ẹrù ló ń rù. Ọkọ̀ kékeré ń bẹ lọ́wọ́ Dàpọ̀. Àwọn lọ́rì ń bẹ lọ́wọ́ ẹ. Èkúté yẹn ti wọ lọ́rì, nítorí náà tìẹ ni. Lọ yọ ọ́."

Mọ́rúfù yọ ọ́. Láàárín iṣu ni ó wà títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sì ráhùn.

Láti ìgbà náà, bí ọkọ̀ injẹ́tọ̀ bá dé ìsọ̀ rẹ̀, á júwe Challenge. Ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, òun náà á lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dàpọ̀, á máa wo bí ẹ̀rọ ṣe ń sọ̀rọ̀. Ní ti ohùn injẹ́tọ̀, ó rán ọ̀rọ̀ sí Sábó-Òkè, ó rán an sí Ọjà-Ọba, pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n irọ́ náà ti gbéra ṣáájú, kò sì dúró de ẹnì kan.

Ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan tó ti Jẹ́bà wá dúró síwájú ìsọ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé sukudíráfà tirẹ̀ sétí, ó sì dijú. Danjuma ti gbé òòlù sókè. Ó fi í sílẹ̀ lókè. Ọkùnrin náà mi orí tìbànújẹ́tìbànújẹ́.

"Kò dún," ó ní. "Injẹ́tọ̀ ẹ̀ ti kú."

"Kò sí injẹ́tọ̀ kankan tó ń dún báyẹn," Mọ́rúfù ní. "Èkúté ni. Bí o kò bá gbọ́ ọ, máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun."

Ọkùnrin náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe é.

"Bàbá, ayé ti yí padà, ẹ̀yin ni kò tíì gbọ́. Àgbà kan wà ládùúgbò yìí tó mọ̀ ọ́n dáadáa, Elétí ni wọ́n ń pè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe ìsọ̀ ẹ̀ fún mi."

Mọ́rúfù wo ilẹ̀. Ó wo sukudíráfà tó gbé kọ́ ara igi.

"Gba Challenge lọ," ó ní. "Béèrè Dàpọ̀."

Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó tan ọkọ̀ rẹ̀ tí kò dún, ó sì lọ. Òòlù Danjuma ṣì wà lókè.

"Ẹ̀gbọ́n," Danjuma ní láti ìsọ̀ kejì, "ṣé kí n máa lù ú?"

"Máa lù ú."